Ọdún Tí Wọ́n Sọ Àbúrò Mi Di Ẹgbẹ́ Mi

Àwọn òbí mi gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, títí di òní olónìí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì tíì sọ fún mi ohun tí mo ṣe.

Òórùn áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kí oòrùn tó yọ dáadáa lẹ́yìn àwọn igi páìnì tí ó yí ilé wa ká ní Stone Mountain lẹ́bàá Atlanta, màmá mi á ti tẹ́ aṣọ ìnura sórí tábìlì oúnjẹ, wọ́n á máa lọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ti fi sítáàṣì sí títí tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀. Omi tí wọ́n ń fi ìka wọ́n sí i á máa hó ṣìì, òórùn sítáàṣì tí iná ń rà á gba pálọ̀ kọjá dé yàrá tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, Dámọ́lá, ń sùn. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé ọ́fíìsì ni wọ́n ń múra lọ. Wọn kò lọ ibì kankan. Pálọ̀ wa ni ilé-ìwé, àwa ọmọ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́, màmá mi sì ni tíṣà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní agbègbè yẹn á rántí bí ẹ̀rù ilé-ìwé ìjọba ṣe máa ń ba àwọn òbí wa. Tiwa kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mummy ní kí Dámọ́lá lọ gbé bàtà àwọn wá, ọmọ náà gbójú sókè láti ìdí tẹlifíṣọ̀n, ó ní, "Why me?" Mummy gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n bi í léèrè pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní gbogbo èèyàn ní ilé-ìwé ló ń sọ ọ́. Daddy, tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, kò sọ ju òwe tí wọ́n máa ń pa lọ: "Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà." Kí oṣù yẹn tó parí, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé aláwọ̀ yẹ́lò ti ń kọjá níwájú ilé wa láìdúró.

Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún màmá mi kí n tó máa bá ẹjọ́ mi lọ. Tíṣà ni wọ́n ní Abẹ́òkúta, tíṣà gidi, tí àwọn ọmọ ń gba báàgì lọ́wọ́ wọn ní géètì. Nígbà tí a dé Atlanta, wọ́n ní ìwé ẹ̀rí wọn kò tó. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ilé àwọn arúgbó ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, wọ́n ń yí wọn lórí ibùsùn, wọ́n á sì délé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Mo mọ ohun tí síkẹ́ẹ̀tì búlúù yẹn wà fún. Mímọ̀ tí mo mọ̀ ọ́n kò dá ọdún mi padà fún mi.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ilé-ìwé wa nìyí. Tí ó bá kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, Mummy á gbé báàgì kọ́ apá, wọ́n á wọ bàtà gogoro, wọ́n á gba ẹnu-ọ̀nà kíṣìnì jáde. Wọ́n á rìn yí ilé po, wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn iwájú. Èmi ni mo máa ń ṣí i, nítorí èmi ni àgbà. Àwa méjèèjì á dìde dúró: "Ẹ káàárọ̀, ma." Ẹni tí ó wọlé kì í ṣe Mummy mọ́. Tíṣà ni. A kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n ní Mummy títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, tí wọ́n á tún gba iwájú jáde, tí wọ́n á gba kíṣìnì wọlé, tí wọ́n á bi wá pé, "Báwo ni ilé-ìwé lónìí?"

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Dámọ́lá gbàgbé. "Mummy, ebi ń pa mí."

"Ta ni Mummy ẹ níbí?" ni Tíṣà wí. "Tí o bá délé, sọ fún un."

Dámọ́lá wo àyíká pálọ̀. "Ma, mo ti wà nílé."

Tíṣà yí ojú sí bọ́ọ̀dù kí a má baà rí ẹ̀rín wọn, ṣùgbọ́n èjìká wọn ń gbọ̀n. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn ilé-ìwé yẹn. Ẹ̀wà ni a fi kọ́ ìdá nǹkan nínú ìṣirò, a ó pín in sí àwo, a ó kà á, lẹ́yìn aago mẹ́ta a ó sè é jẹ. Tí tíṣà bá bá wa wí, òfin ilé fún wa láyè láti fi ẹjọ́ wọn sun Mummy lọ́sàn-án, Mummy á sì fi ojú líle gbọ́ ọ, wọ́n á ní, "Màá bá a sọ̀rọ̀." Tí ọ̀rọ̀ bá ju Mummy lọ, Daddy wà. Àwọn ni hẹ́dímásítà. Mo gbà gbọ́ nínú ètò yìí. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ilẹ̀kùn méjì tó láti sọ ènìyàn kan di méjì.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ nílé wa, nítorí òun ni wọ́n gbà. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ mú ẹran. Tí Daddy kò bá sí nínú mọ́tò, iwájú ni mo ń jókòó sí. Tí màmá àgbà bá pè láti Abẹ́òkúta, èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé fóònù fún, wọ́n á kì mí, wọ́n á bi mí pé, "Àbúrò rẹ ńkọ́?" bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Dámọ́lá kò gbọ́dọ̀ pe orúkọ mi lásán. "Sister Rẹ́nikẹ́" ni. Níta, kò sí ẹni tí ó mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò. Ní ilé-ìwé tí wọ́n yọ wá kúrò, orúkọ mi kò tilẹ̀ ṣe é pè lẹ́nu ẹnikẹ́ni, Nikki ni wọ́n sọ mí dà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọlé, tí mo sì gbọ́ "Sister Rẹ́nikẹ́" láti ẹnu ọmọ kékeré yẹn, mo mọ ibi tí mo dúró sí láyé. N kò ní nǹkan mìíràn tí ó jẹ́ tèmi bẹ́ẹ̀.

Ọdún kejì ni ọ̀ràn dé. Mo ti parí kíláàsì karùn-ún, Dámọ́lá ti parí ìkẹrin. Ní òwúrọ̀ tí a wọlé lẹ́yìn ìsinmi gígùn, mo bá ìwé ìṣirò méjì lórí tábìlì. Ti kíláàsì kẹfà ni mo ń retí. Mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo bá Mummy lọ, àwòrán òkun wà lára èèpo rẹ̀. Ìwé méjèèjì tí mo bá jọra. Ti kíláàsì karùn-ún ni. Ti Dámọ́lá ṣì ń dán. Tèmi ni èyí tí mo ti lò tán.

Mo ṣí i. Wọ́n ti fi kílínà pa gbogbo ìdáhùn mi rẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bébà rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ti ya ní ibòmíràn, tí èèyàn bá sì gbé e sójú fèrèsé, á ṣì rí ipa lẹ́ẹ̀dì mi. Èyí tí mo gbà, wọ́n pa á rẹ́. Èyí tí mo kùnà, wọ́n pa á rẹ́. Mo fẹ́ kí a fiyè sí èyí dáadáa: kò sí ẹni tí ó lè pa iṣẹ́ odidi ọdún kan rẹ́ láìmọ̀ọ́mọ̀. Ó ní láti jókòó tì í ni.

"Ma," mo ní, "mo ti ṣe ìwé yìí tán."

"Mo mọ̀."

"Dámọ́lá ló kàn láti ṣe é."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa ṣe é. Àbí o ti mọ gbogbo ẹ̀ tán ni?"

"Ẹ bi mí ní ìbéèrè, ma. Èyíkéyìí."

Tíṣà kò bi mí. "Ẹ̀kọ́ kì í pọ̀ jù," ni wọ́n wí. "Ṣí ojú ewé àkọ́kọ́."

Dámọ́lá nawọ́ sókè. "Ma, ṣé Sister Rẹ́nikẹ́ ti wá di classmate mi?"

"Nínú kíláàsì yìí, kò sí sister, kò sí brother," ni Tíṣà dáhùn. "Ẹgbẹ́ ni yín."

Dámọ́lá wò mí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe máa dùn lẹ́nu ni. "Rẹ́nikẹ́," ó ní, "yá mi ní kílínà."

Mo dúró de aago mẹ́ta. Nígbà tí mo dé kíṣìnì, Mummy ti bọ́ síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ró ìró, wọ́n ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo wá fi ẹjọ́ tíṣà wa sùn.

"Kí ló ṣe?"

"Wọ́n dá mi padà sí kíláàsì Dámọ́lá."

"Hẹn-ẹn. Ṣé o kùnà ni?"

"Rárá, ma."

"Àbí o ń ta tíṣà lóhùn?"

"Rárá, ma."

Wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn tán, wọ́n mú òmíràn. "Ó dáa. Màá bá a sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fún mi lésì. "Mo rí tíṣà yín. Ó ní apá òun ò ká kíláàsì méjì. Ó ní kí o ṣe sùúrù."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé mi ò kùnà?"

"Mo sọ. Ó ní òun mọ̀."

Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ hẹ́dímásítà. Daddy jẹ́ nọ́ọ̀sì. Shift wọn gùn, aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ṣì wọ̀ nígbà tí mo dúró tì wọ́n nídìí oúnjẹ. Mo ro ẹjọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, ìyẹn ni mo lè fi yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ta ni tíṣà?"

"Tíṣà ni, sir."

"Ṣé èmi ni màá wá kọ́ tíṣà níṣẹ́ ẹ̀? Rẹ́nikẹ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Lọ sùn."

Ẹni tí ó dá ẹjọ́, ẹni tí ó gba ẹ̀sùn, ẹni tí ó gbọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tábìlì kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Mo lọ sùn.

Ọdún yẹn, mo ṣe ohun tí mo ti ṣe rí. Mo mọ ìdáhùn kí Tíṣà tó bèèrè, ìyẹn kò sì wú ẹnikẹ́ni lórí, nítorí gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Dámọ́lá ni ó ń sáré. Orí rẹ̀ pé, n kò ní fi ìbínú sọ pé kò pé. Nígbà tí ó bá gba èyí tí ó le, Tíṣà á pàtẹ́wọ́. Ohun tí ó ń dùn mí kò sí nínú ìwé. Ó wà lẹ́nu rẹ̀, bó ṣe ń pe orúkọ mi lásán. Mummy lè fi ẹnu-ọ̀nà pààrọ̀ ara wọn. Ẹnu ọmọ kì í mọ aago mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti parí, a ń lọ sí mall ńlá tó wà ní Buford láti ra bàtà òtútù. Nígbà tí mo fi máa ti ilẹ̀kùn ilé tán, Dámọ́lá ti jókòó síwájú mọ́tò, ó ti so bẹ́líìtì mọ́ra.

"Bọ́ sẹ́yìn," mo ní.

"Rẹ́nikẹ́, wọ ẹ̀yìn jàre. Ó ṣáà yẹ ká máa ṣe é ní turn-turn."

Mo wo Mummy. Ìró ni wọ́n ró, gèlè wà lórí wọn, aago mẹ́ta ti kọjá tipẹ́. "Mummy, ó pe orúkọ mi."

Wọ́n ti ń ṣáná sí mọ́tò. "Ẹ̀yin méjèèjì kúkú ni ẹgbẹ́, ẹ má fọ́ mi lórí. Wọlé ká lọ."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí Mummy kankan tí ó ń bá tíṣà sọ̀rọ̀ fún mi. Mo wọ ẹ̀yìn. Títí a fi dé Buford, orí àbúrò mi ni mo ń wò láti ẹ̀yìn àga.

Láti ìgbà yẹn, ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, aunty kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí èmi àti Dámọ́lá tí a ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìwé kan náà, ó wá béèrè lọ́wọ́ Mummy pé ṣé ìbejì ni wá. Mummy rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n kúkú ti dà bẹ́ẹ̀."

"Rárá, ma," mo ní, "èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Aunty náà fọwọ́ pa mí lórí. "Hẹn, mo gbọ́. Kẹ́yìndé náà ni ẹ̀gbọ́n." Gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà, wọn kò pè mí ní nǹkan mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Kẹ́yìndé, báwo ni? Kẹ́yìndé, Táíwò ẹ dà? Ẹ̀fẹ̀ ni lójú wọn. Lójú tèmi, wọ́n ń fi òǹtẹ̀ lù ú ni.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tí wọ́n ṣẹ̀ mí tóbi ju àkọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn òtútù, nígbà tí ìyẹ̀fun yẹ́lò tí igi páìnì ń tú jáde ti bo orí mọ́tò gbogbo, tí ọdún ìwé kò sì tíì parí, Dámọ́lá parí ìwé rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mo ṣílẹ̀kùn fún Tíṣà, wọ́n fa ìwé kan yọ láti inú báàgì, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Àwòrán òkun wà lára èèpo rẹ̀.

Mo dìde. "Ma, ẹ ní apá yín kò ká kíláàsì méjì."

"Jókòó."

"Kíláàsì méjì rèé, ma. Ìkarùn-ún rèé, ìkẹfà rèé."

"Ta lo ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

N kò mọ èyí tí mo lè pè wọ́n nínú orúkọ méjèèjì. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri. Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ Dámọ́lá ní ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọdún tó kọjá, ohùn wọn rọ̀, wọn kò kánjú rárá. Apá wọn ká a.

Kò sí ìgbà tí mo bá a mọ́. Kíláàsì kan ni ó fi ń ṣáájú mi títí a fi parí. Òun ni ó kọ́kọ́ wọ yunifásítì ní Downtown, òun ni ó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni mo tó wọlé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mi, ó mú mi lọ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Àbúrò mi nìyí o. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má bẹ̀rù, kí n máa pe òun ní Brother. Mo kéré sí Dámọ́lá ní gíga, mo kéré sí i ní kíláàsì. Ta ni yóò jiyàn?

Mo ti gba oyè yunifásítì méjì láti ìgbà náà. Ọ́fíìsì kan ní Downtown ni mo ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ìyà jẹ ti ń mú ẹ̀sùn wá. Òfin wa kò le: ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ gba ìdáhùn, ìdáhùn náà ì báà má tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì gbọ́dọ̀ ní ìdí nínú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí ó kúnlẹ̀ ní kíṣìnì rò pé bí òun bá ṣe sùúrù, ẹnì kan á bá òun sọ̀rọ̀. Èmi tí mo wà báyìí mọ̀ pé ẹjọ́ tí a kò bá lé, orí àkéte ni ó ń kú sí. Ká ní Mummy sọ fún ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà pé, "Rẹ́nikẹ́, ó rẹ̀ mí, ẹ̀yìn ń ro mí, bá mi fara dà á," ì bá ti fara dà á. Ẹ̀gbọ́n ni. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Wọn kò sọ ọ́.

Oṣù tó kọjá ni mo pinnu láti kọ èyí. Gbogbo wa pé sí ilé àwọn òbí mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Dámọ́lá, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, jókòó sórí àga, ó gbójú sókè, ó ní, "Rẹ́nikẹ́, gbé omi wá fún mi." Kì í ṣe Aunty Rẹ́nikẹ́. Orúkọ mi ṣangiliti, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Mo dúró. Mo fún àwọn mẹ́ta tó jẹ́ àgbà níbẹ̀ láyè. Mummy rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ náà gbọ́n. Daddy ń wo fóònù. Dámọ́lá ní, "Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń sọ."

Mo bu omi, mo gbé e fún un, mo wa mọ́tò mi lọ sílé.

Ní báyìí, Mummy, Daddy, mo kúnlẹ̀ kí yín kí n tó béèrè, kí ẹ má baà sọ pé àfojúdi ni. Mo béèrè: kí ni mo kùnà? Nígbà tí ẹ rí i pé kíláàsì méjì pọ̀ jù, ta ni nínú yín tó ní kí a fa ẹ̀gbọ́n wálẹ̀ dípò kí a gbé àbúrò gòkè, nígbà tí ẹ mọ̀ pé orí rẹ̀ pé, tí ẹ sì wá gbé e gòkè náà nígbẹ̀yìn? Nígbà tí ó sì gòkè tán, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò dá "Sister" padà sí i lẹ́nu? Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Ẹ má ní kí n ṣe sùúrù. Ojú mi ni kí ẹ ti dáhùn, kí Dámọ́lá wà níbẹ̀, kí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ dání, kí ọmọ náà lè gbọ́ ẹni tí mo jẹ́ sí i.